Fífà àti Fífẹ́: Bí Mo Ṣe Gbé Bàbá Ọkọ Mi Gun Òkè Kwáhù

Láti ìgbà tí a ti dé, n kò lè rìn láti ilé dé ọjà Fìdítì kí ẹnì kan má dá mi dúró. Àwọn kan fẹ́ mọ bí Gánà ṣe rí. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé èmi ni mo wa mọ́tò lọ, tí mo sì wà á bọ̀. Àwọn tí mo kọ́ ní sáyẹ́ǹsì ní Ìlọrà kí n tó fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ń fi ẹ̀rín bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo fẹ́ dá bàbá arúgbó padà ní Lómè nítorí ọwọ́ géèjì kékeré kan. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè máa ra ata mi ní àlàáfíà.

Bàbá ọkọ mi ni mo gbé lọ. Ọmọ ìlú Akínmọ̀rìn ni wọ́n, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà ní Gánà, láti Kùmásì títí dé etí òkun. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn, Bàbá kó ẹrù bọ̀ wá sílé. Ṣùgbọ́n Àdùkẹ́, àbúrò wọn obìnrin, ti fẹ́ ọmọ ibẹ̀, ó sì dúró ti ọkọ rẹ̀ ní agbègbè Kwáhù. Láti ọjọ́ náà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọn kò fojú kan ara wọn mọ́. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kí ara wọn tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ó di fóònù. Lọ́dún yìí ni Àdùkẹ́ sọ lórí fóònù pé ojú òun ń lọ. Dókítà ti sọ fún un pé èyí tó ti lọ kò ní padà. Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá máa wá, kí ó wá nígbà tí òun ṣì lè rí imú rẹ̀.

Bàbá gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi.

"Ìyá Tóbi, ṣé mọ́tò yín yẹn lè dé Kwáhù?"

Mo ní ó lè dé ibẹ̀. N kò mọ ibi tí Kwáhù wà.

Ìgbéra

Tóbi ọmọ wa ló fi mọ́tò náà ránṣẹ́ láti òkè òkun. Mọ́tò náà ní ohun kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní tọ́bò. Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí i bí fáànù, òun náà yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì padà, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ ni mọ́tò náà so géèjì kékeré kan mọ́ ọn níwájú awakọ̀, roboto bí ojú aago. Òdo wà lókè. Nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ òsì lọ dé ọgbọ̀n, ti ọwọ́ ọ̀tún lọ dé ogún, ọwọ́ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló sì ń rìn láàárín wọn. Tóbi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo ohun tó sọ fún mi nípa rẹ̀ ni pé kí n má jẹ̀ẹ́ kó kọjá mẹ́rìndínlógún lápá ọ̀tún.

Ọkọ mi kò bá wa lọ. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Ìwàrè ti tó wú, àti pé, kí n má parọ́, ìrìn tó bá ti kọjá Ìbàdàn máa ń mú kí ẹ̀yìn dùn ún. Èmi àti Bàbá nìkan ni a jáde ní Fìdítì ní òwúrọ̀, tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Bàbá wọ bùbá tuntun, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Nígbà tí mo wa mọ́tò náà káàkiri Ìlọrà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n kí a tó jáde ní Ìbàdàn, ẹ̀rù ti bà mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé tí mo bá ń lọ geere, ọwọ́ géèjì á wà níbì kan láàárín. Ibikíbi tí mo bá ti dúró ni yóò ṣubú sí òsì bí ẹni pé wọ́n gé okùn rẹ̀, títí dé ogún, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù, yóò fò dìde padà sókè. Mo wá túmọ̀ rẹ̀ fún ara mi, èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní sáyẹ́ǹsì: ọ̀tún ni ìlera, òsì ni òṣì. Bó bá ti ń ṣubú, ẹ̀mí mọ́tò ló ń bọ́. Nítorí náà, níbikíbi tí ọ̀nà bá ti dí, mo ń tẹ tọ́tù kí ó má baà kú. Ní oríta kan, mọ́tò wa ń bú ramúramù lórí ìdúró. Ọkùnrin kan tó ń kọjá níwájú wa gbá àpò rẹ̀ mọ́ra, ó sì sáré.

Bàbá sọ fún mi pé mọ́tò kì í ṣe ẹṣin, kí n yé gún un ní kẹ́ṣẹ́. Mo ní ẹ wo ohun tí géèjì ń sọ. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n fi bò ó.

Àjàṣẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí láti jẹ́ àlejò, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè yín, ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe ará ilé yín. A kọjá ẹnubodè, a sì dé Àjàṣẹ́ ní ọ̀sán. Obìnrin tó ni ilé tí a sùn sí kúnlẹ̀ kí Bàbá ní Yorùbá tó dá gaara, ó yíjú sí èmi, ó sì fi Faransé kí mi pé ṣé mo dé ire. Mo fi Yorùbá dá a lóhùn. Ó fi Faransé tọrọ àforíjì. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí kò yẹ.

Ó bi Bàbá ibi tí wọ́n ti wá. Wọ́n ní láti ìhà Ọ̀yọ́. Ó ní Ọ̀yọ́ náà ni baba ńlá bàbá òun ti wá, pé nítorí náà a ti délé. Ó gbé àkàsà tútù, ẹ̀kọ tiwọn, kalẹ̀ pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tí wọ́n gún pẹ̀lú àlùbọ́sà, kò sì jẹ́ kí a dúpẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àkàsà náà kan díẹ̀ lẹ́nu. Bàbá jẹ mẹ́ta. Lójú wa ni wọ́n ń kéré sí i lọ́jọ́ orí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún obìnrin náà nípa ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n wà nígbà náà, bí wọ́n ṣe kọ orúkọ ìyá wọn sí iwájú rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn lójú ọ̀nà sì ń pe àwọn fúnra wọn ní orúkọ ìyá wọn.

Lọ́jọ́ kejì, Kùtọ́nù. Ẹ ò tíì rí alùpùpù. Ẹ rò pé ẹ ti rí i ní Ọ̀yọ́, ẹ ò rí nǹkan kan. Wọ́n pọ̀ bí ìgbà tí eéṣú bá bà, gbogbo àwọn tó ń wà wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n sì ń kọjá lápá òsì àti ọ̀tún wa láìsí ẹni tó bú ẹnì kan. Nígbà tí mo ṣe àṣìṣe tí mo dí ọ̀nà mọ́ wọn, ọ̀kan dúró, ó fi ọwọ́ kan àyà, ó sì fi ọwọ́ júwe ibi tí mo máa gbà fún mi. Mo rò pé mo máa sunkún. Ní ilé, wọn ì bá ti sọ̀rọ̀ ìyá mi.

Lómè

Ọ̀nà etí òkun ni a gbà lọ sí Lómè, pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Omi wà lọ́wọ́ òsì wa, àgbọn wà níbi gbogbo. Bàbá sùn. Mo mú fìlà kúrò lórí géèjì.

Ọwọ́ pupa dúró sí mẹ́wàá lápá òsì. Kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Mo sáré díẹ̀ sí i, ó ṣì wà nítòsí ibẹ̀. Mo wá rí i lójú ara mi bí a ó ṣe dúró sí ìlú tí a kò gbọ́ èdè wọn, pẹ̀lú bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin àti mọ́tò tó kú. Nígbà tí a dé Lómè, mo dúró lábẹ́ igi kan níwájú ilé ìtajà búrẹ́dì, mo sì sọ fún Bàbá pé a ó padà. Mo ní ẹ́ńjìnnì ń kú díẹ̀díẹ̀, géèjì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá ní àwọn fi etí àwọn wa mọ́tò fún ogójì ọdún, etí náà kò sì gbọ́ ohun kan tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí. Mo dáhùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí, pé etí wọn kò mọ tọ́bò.

Wọn kò bínú. Ìbá sàn bí wọ́n bá bínú. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sọ ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

"Bí o bá máa padà, padà, Ìyá Tóbi. N ò ní dá ọ lẹ́bi. Gbé àpò mi fún mi, n ó wọ ọkọ̀ èrò. Àdùkẹ́ ò sọ pé kí n wá nígbà tí ọ̀nà bá dára. Ó ní kí n wá nígbà tí ojú òun ṣì wà."

Mo ra búrẹ́dì gígùn kan, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ó gbóná. A jókòó nínú mọ́tò, a sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọlé, mo pa ilẹ̀kùn, mo sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn.

Ẹsẹ̀ Òkè

Àwọn ará Gánà máa ń bẹ ènìyàn kí wọ́n tó sọ ohunkóhun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Títí tí mo fi dé ẹsẹ̀ òkè, kò sí ẹni tó sọ "rárá" fún mi láìkọ́kọ́ bẹ̀ mí. Nínú oúnjẹ wọn, mo fẹ́ràn kẹ́ńkì, àgbàdo kíkan tí wọ́n wé sínú ewé bí ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n tó le tó iyán, pẹ̀lú ata dúdú tí wọ́n fi edé dín. Mo jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, mo sì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọwọ́ mi tó gbẹ. Ìyá kan gbọ́ èdè tí a ń sọ, ó sì pè wá ní Alátà. Bàbá dúró sójú kan. Àádọ́ta ọdún, wọ́n ní, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn, àwọn ti gbàgbé pé orúkọ àwọn ni.

Ìlú tó wà ní ẹsẹ̀ òkè Kwáhù ni a ń pè ní Ǹkọ́kọ́. Láti ibẹ̀, ẹ máa gbójú sókè kí ẹ tó rí ibi tí ẹ ń lọ. Òkè náà dìde bí ògiri, ojú ọ̀nà sì lọ́ mọ́ ọn lára bí ejò. Mo wò ó, mo wo géèjì, mo sì wọ ọgbà mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí mo rí.

Obìnrin ni mẹkáníìkì náà, Àkósúà lorúkọ rẹ̀, ẹni bí ogójì ọdún, epo dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ ń sọ. Ó bẹ̀ mí kí n tan ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ géèjì ṣubú sí ogún lápá òsì bó ti máa ń ṣe. Ó wò ó, ó mi orí bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀, ó sì bi mí ohun tó ṣe mọ́tò náà. Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí géèjì. Ó ní kí ló ṣe é? Mo ní ṣé kò rí i pé ó ti ṣubú ni.

Kò rẹ́rìn-ín. Mi ò ní gbàgbé ìyẹn fún un. Ó mú ọ̀rá omi kan tí wọ́n ti mu omi inú rẹ̀ tán, ó fi ẹnu sí i, ó fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀rá náà lẹ̀ pọ̀. Ó ní òsì nìyẹn. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ọ̀rá náà wú. Ó ní ọ̀tún nìyẹn. Ó mú ẹnu kúrò, ọ̀rá náà rọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òdo nìyẹn, bákan náà ni inú àti ìta.

Mo ti fi agolo kọ́ àwọn ọmọ ní Ìlọrà pé afẹ́fẹ́ lè tẹ nǹkan fọ́. Mo máa ń gbé agolo kaná, n ó dé e pa, n ó da omi tútù lé e lórí, yóò sì rún wómúwómú lójú gbogbo kíláàsì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe é. Níbi tí mo dúró sí yẹn, gbogbo agolo tí mo ti rún láyé mi wá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fífà àti fífẹ́ ni géèjì náà ń sọ, kò sọ ìlera àti àìsàn rí. Tí mo bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, ẹ́ńjìnnì á sì máa fà bí ọmọ tó di ọmú mú. Bó bá ti fà á dáadáa ni ọwọ́ á fi lọ sí òsì dáadáa. Ogún tó dúró láìgbọ̀n, ẹ́ńjìnnì tó dá ṣáṣá ni. Lójú ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò nílò tọ́bò, nítorí náà yóò wà ní òsì níbì kan, bíi mẹ́wàá. Ìgbà tí ẹrù bá wúwo tàbí tí òkè bá dé, tí mo bá tẹ tọ́tù wọlé, ìgbà náà ni tọ́bò á bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, tí ọwọ́ á kọjá òdo bọ́ sí ọ̀tún.

Ohun tí mo ń pè ní ikú láti Ìbàdàn, ìlera ni. Mo jókòó lórí táyà kan, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Bàbá jáde nínú mọ́tò láti wá wo ohun tó ṣe mí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n bí ọkùnrin, lórí ilẹ̀ elépo yẹn, mo ní kí wọ́n dárí jì mí nítorí Lómè. Wọ́n ní kí n dìde, mo ń ba aṣọ jẹ́.

Kí a tó lọ, Àkósúà sọ ohun kan sí i. Tí mo bá tẹ tọ́tù tí ọwọ́ kò sì kọjá mẹ́ta tàbí mẹ́rin lápá ọ̀tún, ó ní, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń fẹ́ ń jò níbì kan nìyẹn. Kí n má fi agídí wà á.

Gígùn

Mo fẹ́ kí gbogbo yín gun òkè náà lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó kú. Mo tẹ tọ́tù. Ọwọ́ pupa gbéra láti òsì, ó kọjá òdo, márùn-ún, mẹ́sàn-án, mẹ́rìnlá, ó sì dúró síbẹ̀. Mọ́tò náà gbé wa bí ẹni gbé ọmọ sẹ́yìn. Orí mi wú. Mo ń ké nọ́ńbà jáde bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì, Bàbá sì ń dá mi lóhùn pé "ó wà níbẹ̀" sí gbogbo rẹ̀. Ìlú tí a ti wá ti di páànù kéékèèké nísàlẹ̀. Ìkùukùu kan ń kọjá lára igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì ń kọrin.

Ní ìdajì òkè, nǹkan súfèé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Agbára mọ́tò lọ lójijì, bí ẹni pé àwọn ènìyàn mẹ́wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo tẹ tọ́tù sí i. Mẹ́ta. Ọwọ́ kò kọjá mẹ́ta. Ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lẹ́yìn wa tó ń fọn fèrè.

Bí ó bá jẹ́ ní Lómè ni, ǹ bá ti máa pariwo. Mo rọra wà á dé ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀, mo yà síbẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo wo géèjì. Ọwọ́ lọ sí òsì, ó dúró síbẹ̀ láìgbọ̀n.

"Fífà rẹ̀ dá, Bàbá," mo wí. "Fífẹ́ rẹ̀ ló sọnù. Ẹ́ńjìnnì ò ní àrùn kankan. Páìpù tí tọ́bò ń gbà fẹ́ ló ṣí."

"Apá ọ̀tún ni mo ti gbọ́ ọ," ni Bàbá dáhùn, "nísàlẹ̀, lẹ́yìn iná iwájú."

A pa ẹ́ńjìnnì. A dúró kí ó tutù, torí ohun tó wà níbẹ̀ lè bó ọwọ́. Ìdúró yẹn ló ṣòro jù. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, Bàbá ń wo òkè, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń rò: ó kù díẹ̀ kí a débẹ̀, àbúrò wọn ti jókòó síta láti àárọ̀. Nígbà tí ó tutù, wọ́n fi aṣọ wé ọwọ́, wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí etí wọn ti júwe, wọ́n ń tọ̀ ọ́ bí ẹni ń wá ẹyin lábẹ́ adìẹ. Wọ́n bá a. Rọ́bà dúdú gbàǹgbà kan ti yọ lẹ́nu páìpù, irin tó di í mú sì ti tú. Mo ti rọ́bà náà padà, mo dì í mú. Bàbá fi sùkúrúdíráfà yí irin náà títí ó fi le. Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n rárá, ọwọ́ tí kì í lè gbé ife tíì láì da á sílẹ̀ nílé.

A tan ẹ́ńjìnnì, a tún kọjú sí òkè. Mẹ́rìnlá. Bàbá na ọwọ́, wọ́n sì fi ìka kan gbá dígí géèjì náà pẹ́ẹ́, bí ẹni ń kí ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Orí Òkè

Afẹ́fẹ́ tutù lókè, ó sì fúyẹ́. Nígbà tí mo dúró níwájú ilé náà, ọwọ́ géèjì kò dé ogún mọ́ bí ó ti ṣe ní ẹsẹ̀ òkè, ó dúró nítòsí mọ́kàndínlógún. Mo mọ ìdí rẹ̀ láìbi ẹnì kan léèrè: bí a bá ṣe gòkè sí i ni afẹ́fẹ́ ìta ń dín kù, ohun tí ẹ́ńjìnnì lè fà sì ń dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Inú mi dùn bíi pé èmi ni mo dá afẹ́fẹ́.

Obìnrin kúkúrú kan dìde lórí àga ní ẹnu ọ̀nà. Kò sáré, Bàbá náà kò sáré. Ó rìn títí ó fi sún mọ́ Bàbá pẹ́kípẹ́kí, ó gbé orí sẹ́yìn, ó yí i díẹ̀ sí òsì, díẹ̀ sí ọ̀tún, ó ń wá ibi tí ojú rẹ̀ ti ṣì mọ́lẹ̀. Ó rí ibẹ̀. Ó di imú Bàbá mú láàárín ìka méjì.

"Imú Bàbá wa nìyí," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti darúgbó."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu wọn, mo sì yíjú kúrò, mo lọ ń wo táyà.

Fùfú pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹyìn ni a jẹ. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin tó ń gúnyán: fùfú wọn ń fà ju iyán lọ, inú ọbẹ̀ ló sì ń lúwẹ̀ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rún un lẹ́nu. Gbogbo ilé yíjú sí mi. Ọmọ Màmá Àdùkẹ́ kan tó jẹ́ obìnrin bẹ̀ mí, ó ní ẹ jọ̀ọ́, a kì í fi eyín kàn án, a máa ń gbé e mì ni. Mo gbé e mì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Màmá ń sọ Yorùbá pẹ̀lú Bàbá, Yorùbá àwọn ìyá àgbà tí mo mọ̀ ní kékeré, ó máa ń dúró láàárín ọ̀rọ̀ láti wá ọ̀kan tó ti sọnù, Bàbá á sì bá a mú un jáde.

Ọjọ́ Ìsinmi

A lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní Sọ́ńdè, a bá Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ sọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn, Màmá sì sọ sí wa létí pé wọ́n ní kí àwọn àlejò dìde. Bàbá dìde, wọ́n di ọ̀pá wọn mú. Èmi náà dìde. Mo gbọ́ àga tó dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá ti dìde.

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sọ fún un pé kí a tó bí òun ló ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Màmá kò jókòó. Yorùbá ló fi kọ́kọ́ dáhùn, tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ níbẹ̀ àyàfi àwa méjì:

"Àlejò ni èmi náà. Ọmọ Akínmọ̀rìn ni mí. Àwọn ènìyàn mi ló wá yìí."

Lẹ́yìn náà ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dìde, wọ́n ń kí wa káàbọ̀, wọ́n ń kí òun náà káàbọ̀, ẹni tó ti ń bá wọn jókòó láti ìgbà èwe rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ìta. Mo rántí pé mo ń bọ ọwọ́ gbogbo ènìyàn, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín bí òpè.

Nígbà tí a délé, mo ní kí a máa múra àtipadà. Màmá wọ yàrá, ó sì gbé àpò kan jáde. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ọjọ́ tí a fóònù pé a ń bọ̀ ni ó ti di ẹrù náà, kò sì tú u láti ìgbà náà. Màmá ní oṣù mẹ́ta ni òun máa lò ní Akínmọ̀rìn, bóyá mẹ́rin. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa mẹ́ta ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mo jẹ́ kí jíà mú wa, géèjì sì lọ sí òsì jìnnà, dé mẹ́rìnlélógún, ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà tó pa dé, kò sì sí ẹni tí ẹ̀rù bà. Màmá jókòó sí ẹ̀yìn, ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ra, ó kọjú sí fèrèsé, bí kò tilẹ̀ ríran dé ìta mọ́. Kí a tó dé ẹsẹ̀ òkè, ó ti bi wá lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé a ti fẹ́ dé Akínmọ̀rìn.